Oṣù mẹ́fà tí kì í padà wá: ohun tí ojú mi rí nídìí Medicare Supplement

Ọdún 2017 ni mo gba láísẹ́ǹsì ìnṣọ́ránsì ní Texas. Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Houston níbí, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n máa yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ṣebí ìwọ làwọn Mọ̀mí wa máa ń gbé lẹ́tà Medicare wá bá kó o kà á fún wọn, kí ló dé tó ò kúkú gba láísẹ́ǹsì kí wọ́n máa sanwó ẹ fún ẹ?" Bí mo ṣe kó sí i nìyẹn o. Mo rò pé kò sí wàhálà tó ju kéèyàn máa bẹ arúgbó tí kò fẹ́ wẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí lọ, àṣé mi ò tíì bá kọ́mpìnì ìnṣọ́ránsì pàdé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí nínú ẹ̀. Medicare ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú ẹni tó bá ti pé ọdún 65. Part A wà fún ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn dúró sí ọsibítù, Part B wà fún dókítà, àyẹ̀wò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Part B kì í san gbogbo ẹ̀. Tó o bá ti san deductible ọdún náà tán, ìyẹn owó tó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àpò ara ẹ san (257 dọ́là ni ní 2025), nínú 100 dọ́là tó kù 80 ni wọ́n máa san, 20 di tìẹ, kò sì sí ibi tí 20 yẹn ti ń dúró. Bíìlì 100,000 dọ́là, 20,000 wà lọ́rùn ẹ. Ihò yẹn ni Medicare Supplement, táwọn kan ń pè ní Medigap, ń dí. Kọ́mpìnì aládàáni ló ń tà á, ṣùgbọ́n ìjọba ló sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń dárúkọ oríṣi kọ̀ọ̀kan, torí náà Plan G lọ́dọ̀ kọ́mpìnì yìí àti Plan G lọ́dọ̀ kọ́mpìnì tọ̀hún, ohun kan náà ni wọ́n máa san fún ẹ, owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ ló yàtọ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Láti oṣù tí Part B ẹ bá bẹ̀rẹ̀, tó o sì ti pé 65, oṣù mẹ́fà ni òfin fún ẹ láti ra Supplement tó wù ẹ́, láìsí pé kọ́mpìnì kankan bi ẹ́ nípa àìsàn, láìsí pé wọ́n fi owó kún un torí ìfúnpá tàbí àtọ̀gbẹ. Tí oṣù mẹ́fà yẹn bá ti kọjá, ní Texas níbí, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n á bi ẹ́ ní ìbéèrè ìlera, wọ́n á wo oògùn tó o ti ń gbà ní pharmacy láti ọdún mélòó sẹ́yìn, wọ́n sì lè sọ pé àwọn ò ṣe. Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé ti October 15 sí December 7 tí wọ́n ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún náà kan Supplement, kò kàn án rárá o, ti Medicare Advantage, ìyẹn ètò kọ́mpìnì aládàáni téèyàn ń gbà dípò Medicare ìjọba, àti ìnṣọ́ránsì oògùn nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há, ọdọọdún ni wọ́n ṣì máa ń pè mí ní November pé "Sista, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn."

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó dùn mí, èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí mo ta Plan G fún ní 2018, ó rí ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìparí 2019, wọ́n ní àwọn á fún un ní ìtọ́jú eyín lọ́fẹ̀ẹ́, ó pe nọ́ńbà, ó kó lọ sí Medicare Advantage, ó bẹ̀rẹ̀ January 2020. February ló tó sọ fún mi. Inú bí mi, ẹ má purọ́ fún ara yín, inú máa ń bí éjẹ́ǹtì tí kọ́sítọ́mà bá lọ láìwí, kọmíṣọ́ọ̀nù náà sì ti lọ. Mo kàn ní "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á ṣe é níre," mo gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé òfin fún un ní oṣù 12, torí pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bọ́ sí Advantage nìyẹn, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí 12 yẹn tó pé, ó lè padà sí Supplement tó ní tẹ́lẹ̀ láìsí ìbéèrè kankan. Mi ò sọ ọ́. March 2021 ló pè mí pé dókítà tóun fẹ́ lọ rí ò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, ìyẹn àwọn dókítà tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò tí dókítà ní kóun ṣe, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, wọn ò sì tíì fọwọ́ sí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fẹ́ padà. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún nìyẹn.

A wá gba ojú ọ̀nà ìbéèrè ìlera. Ẹ̀gbọ́n ní àtọ̀gbẹ, metformin nìkan ló ń lò, ìyẹn ò burú, ọ̀pọ̀ kọ́mpìnì ló ń gbà á. Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn dé: rárá. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ó ń lo gabapentin, àtọ̀gbẹ pẹ̀lú gabapentin túmọ̀ sí pé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́. Gabapentin wo? Shingles ló yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2020, dókítà fún un ní gabapentin fún ìrora ibẹ̀, ó gbà á ní pharmacy lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú sínú dúróà. Mo ní kí dókítà kọ lẹ́tà, dókítà kọ ọ́, kọ́mpìnì ní àwọn ò gba lẹ́tà, kọ̀ǹpútà ti sọ tiẹ̀. Ìkejì náà kọ̀. Ìkẹta ní kó dúró di ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà tó gba oògùn náà kẹ́yìn. Ó ṣì wà nínú Advantage yẹn dòní. Tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní "Éjẹ́ǹtì mi!", kì í sì í ṣe pé ó ń fi bú mi, àmọ́ ó máa ń gún mi.

Èyí tó wá là mí lójú nípa àwọn kọ́mpìnì gan-an ni ti Dádì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe ní ibi iṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n pé 65 ní 2020, wọn ò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ wọn dáa. Aládùúgbò wọn kan ní, "Ẹ tètè lọ gba Part B o, tẹ́ ẹ bá pẹ́, wọ́n á máa fi 10 nínú 100 kún owó yín fún ọdún kọ̀ọ̀kan títí láé." Òótọ́ ni òfin yẹn wà, àmọ́ kò kan ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ti tó 20 tí ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ yẹn sì wà lórí ẹ̀. Dádì lọ gbà á. Wọ́n ń sanwó Part B lóṣooṣù lásán fún ọdún mẹ́ta. Èyí tó burú jù ni pé oṣù tí wọ́n gba Part B yẹn náà ni oṣù mẹ́fà Supplement wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ó ká tán, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n gba Part B lọ́jọ́ tí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́fà tuntun gbáko ni wọn ì bá ní.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2023, wọ́n wá bá mi pẹ̀lú fáìlì aláwọ̀ búráùn kan lábẹ́ abíyá. Ohun tó kù tá a lè dì mú ni ọjọ́ 63: ẹni tí ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, òfin ní kí kọ́mpìnì Supplement gbà á láìbi í léèrè láàárín ọjọ́ 63. Ó rọrùn lẹ́nu. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ òfin ìjọba àpapọ̀, ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tó ń sanwó *lẹ́yìn* Medicare ni wọ́n dárúkọ, ti Dádì sì rèé, ibi iṣẹ́ ńlá, òun ló ń san ṣáájú Medicare. Àwọn kọ́mpìnì kan ń gba méjèèjì, àwọn kan ò gbà. Mo pe kọ́mpìnì mẹ́ta. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ní rárá. Ìkẹta, tówó wọn dín jù, lọ́jọ́ Mọ́ńdè obìnrin kan ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ Wẹ́sídeè ọkùnrin kan ní rárá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà, mo ní ẹ̀yin náà ni, ó ní kí lorúkọ ẹni náà, mi ò sì gba orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀! Mo wá ṣí ìwé tí wọ́n fúnra wọn tẹ̀ fún àwa éjẹ́ǹtì, mo rí i lójú ìwé bíi kẹrìnlá pé àwọn ń gba èyí tó ń san ṣáájú àti èyí tó ń san lẹ́yìn, méjèèjì. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ọkùnrin yẹn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní "Ẹ jẹ́ kí n fi yín sórí hold." Ìṣẹ́jú 40. Ìwé tiwọn ni o, kì í ṣe tèmi.

Ó tún kù síbì kan. Dádì ti lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Plan N ni wọ́n fẹ́ torí owó ẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ọjọ́ 63 yẹn lo gbà wọlé, kì í ṣe gbogbo plan ni wọ́n fi dandan mú kọ́mpìnì tà fún ẹ. Fún ẹni tó pé 65 láti 2020 síwájú, A, B, D, G, K àti L nìkan ni, N ò sí níbẹ̀. Ẹ wá báni ṣàlàyé ìyẹn fún baba tó ti fi pẹ́ńsù ṣe ìṣirò ẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé. "Àbí owó ẹ̀yin éjẹ́ǹtì ló pọ̀ jù lórí G?" Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Dádì ò mọ̀ pé lórí irú èyí, kọ́mpìnì yẹn ò san kọ́bọ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn tán. Ọ̀pọ̀ kọ́mpìnì ni, tí ẹni tí wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ bá gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ wọlé, wọ́n á gé kọmíṣọ́ọ̀nù éjẹ́ǹtì, àwọn míì á sọ ọ́ di òdo. Wọn ò lè ní kí aláìsàn má wọlé, torí òfin wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé tí éjẹ́ǹtì ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ń ṣe é, mo máa ń ṣe é, torí àwọn èèyàn yìí, iwájú wọn ni mo ń gbé, ọmọ wọn àti ọmọ mi jọ ń lọ sílé ìwé. Mo lóye apá kan ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù o. Kò sẹ́ni tó ń dara pọ̀ mọ́ àjọ lọ́jọ́ tó fẹ́ kó o. Bí gbogbo èèyàn bá ń dúró dìgbà tí àìsàn bá dé kí wọ́n tó ra Supplement, ibo lówó á ti wá? Mi ò bá wọn jà lórí pé òfin wà. Ohun tí mò ń bá wọn jà lé lórí ni pé ẹni tí wọ́n fi sídìí fóònù ò mọ òfin náà, éjẹ́ǹtì ni wọ́n sì fi ń gba ìtìjú. Ìgbà tí wọ́n bá tún ti kó àwọn aláìsàn jọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan, tí owó ibẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún, wọ́n á dá ilé-iṣẹ́ kékeré míì sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ míì, owó tuntun, pọ́ọ́kú, àwọn tí ara wọn le á fò síbẹ̀, àwọn tí ò lè dáhùn ìbéèrè ìlera á kù sẹ́yìn pẹ̀lú owó gọbọi. Èmi náà ti fò pẹ̀lú kọ́sítọ́mà rí, ẹ má jẹ́ n díbọ́n.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìpínlẹ̀ míì náà máa ń dá kún un. Ọmọ á pè láti New York pé "Auntie, ìyá ọ̀rẹ́ mi yí tiwọn padà ní July, wọn ò bi wọ́n ní nǹkan kan, kí ló dé tẹ́ ẹ ní tiwa ò ṣeé ṣe?" New York nìyẹn, àti Connecticut, ìgbàkígbà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà ẹ́ níbẹ̀. California, tó o bá ti ní Supplement, wọ́n fún ẹ ní 60 ọjọ́ láti ọjọ́ ìbí ẹ lọ́dọọdún kó o fi pààrọ̀ ẹ̀ sí irú ẹ̀ tàbí èyí tó kéré sí i. Texas ò ní irú ẹ̀. Ibi tó o ń gbé ló máa sọ ìnṣọ́ránsì tó o máa rí.

Láti ọjọ́ Dádì yẹn ni mo ti ra nótúbúùkù olójú-ìlà kan. Gbogbo ìpè ni mò ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó gbé e, nọ́ńbà ìpè náà, ohun tó sọ gan-an. Mo sì máa ń ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ sí mi ní ímeèlì, ọ̀pọ̀ wọn ò ní fẹ́, àmọ́ bó o bá ti béèrè ẹ̀, wàá gbọ́ tí ohùn wọn máa yí padà. Nótúbúùkù yẹn ló gba Mọ̀mí kan sílẹ̀ ní 2024.

Mọ̀mí yìí, ọmọ wọn obìnrin ló mú wọn wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú green card. Wọn ò ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí, ọkọ wọn náà ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà kò sí Part A ọ̀fẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún gbáko níbí kó tó lè ra Medicare. Ọdún márùn-ún pé, wọ́n ti di 71, Part A 505 dọ́là lóṣù, Part B 174.70, ìyẹn 679.70 lóṣooṣù ká tó fọwọ́ kan Supplement rárá, ọmọ àti ọkọ ọmọ ló pín in san. Part B wọn bẹ̀rẹ̀ March 1. Oṣù mẹ́fà wọn á parí ní òpin August. Ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì òru, kò pè mí títí di July.

A jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì wọn, Mọ̀mí ń já ewédú, káàdì Medicare wà níwájú mi. Nọ́ńbà orí ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 11. Ọmọ ti kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, wọ́n dá a padà. Mo wo ohun tó tẹ̀, ó tẹ lẹ́tà O síbi tí òdo wà. Mo ní "Lẹ́tà O ò sí nínú nọ́ńbà Medicare, wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú S, L, I, B àti Z káwọn èèyàn má baà ṣì í kà." Ó dijú. A tún un tẹ̀. Wọ́n tún dá a padà: ọjọ́ ìbí ò bá ti Medicare mu. "Mọ̀mí, ìgbà wo ni wọ́n bí yín?" "September ni, àsìkò iṣu tuntun, gbogbo ilé ló mọ̀." Green card ní January 1. Wọn ò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ nígbà yẹn, akọ̀wé kan ló fún wọn ní January 1, January 1 ló sì ń tẹ̀ lé wọn ká láti ìgbà náà, àmọ́ ọmọ fi September tí wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀sìdeè wọn sínú fọ́ọ̀mù. A tún un ṣe. Ọjọ́ 12 lọ sórí méjèèjì.

Ìkẹta wọlé. Mo sinmi. August 9, lẹ́tà dé: wọ́n kọ Mọ̀mí torí ìlera. Ìlera kẹ̀? Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n! Mo pè. Obìnrin tó gbé e ní, "Mà, ẹni ọdún 71 ni, oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti parí láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn." Mo ní rárá, Part B ló ń bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan, March 2024 ni Part B. Ó ní kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kóun yí i. Mo kọ orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan ní kí n ní kí Mọ̀mí mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ wọn wá. Ibi iṣẹ́ wo? Mo kọ orúkọ ẹ̀. Ẹnì kẹta ní òun ò rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ rárá. August 20 ni mo fi gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà kan, orúkọ mẹ́ta, aago mẹ́ta, fọ́tò káàdì tí March 1 wà lórí ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí òfin lọ́dọ̀ wọn, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di Mọ́ńdè, Texas Department of Insurance, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àwọn kọ́mpìnì ìnṣọ́ránsì, ni màá kọ̀wé sí. Ọmọ Mọ̀mí ń pè mí láràárọ̀ tó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kì í bínú, á kàn ní "Auntie, ẹ jọ̀ọ́," ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n sùn.

August 26, tí í ṣe Mọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan tí mi ò gbóhùn ẹ̀ rí pè mí. Kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣàlàyé, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí Plan G, ó bẹ̀rẹ̀ September 1. Mo ní kó fi ránṣẹ́ ní ímeèlì. Ó fi ránṣẹ́ kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Mọ̀mí gbàdúrà fún mi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù, wọ́n darúkọ ọmọ mi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kejì káàdì Supplement dé nílé wọn. Ọmọ ya fọ́tò ẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n sì gé orúkọ Mọ̀mí gan-an láàárín, Oluwafunmil, ó parí síbẹ̀. Mo mú nótúbúùkù mi, mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo tẹ nọ́ńbà wọn.